Àwọn Tó Dúró Nígbà Òtútù

Ọjọ́ kọkànlélógún rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sórí fóònù Ìbíyẹmí, kò sì tíì sunkún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọlọ́kàn líle ni. Irọ́ ni! Obìnrin tó máa ń sunkún tí adìẹ aládùúgbò bá kú ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ka ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ tán, ńṣe ni gbogbo inú ẹ̀ kàn dákẹ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, tó bá jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá bú u, kò dùn ún. Tí wọ́n bá pa á lẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ á rẹ́rìn-ín, òun alára ò ní mọ̀ sí i.

Ilé ìtẹ̀wé Alhaji Rájí ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Òun ló ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó wọ ẹ̀rọ, kí àṣìṣe má baà bá a wọlé. Ní àdúgbò yẹn, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ju ilé oúnjẹ lọ, wọ́n mọ ojú Ìbíyẹmí. Tí àmì kan bá fò lórí ọ̀rọ̀, ó ti rí i kí ẹlòmíì tó fi gíláàsì mọ́jú. Àwọn ilé ìtẹ̀wé mìíràn a máa yọ́ ìwé tiwọn wá fún un, pé, "Ìyá Tẹni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó fìrí."

Ọ̀rọ̀ wo wá ni ọkọ ẹ̀ fi ránṣẹ́? Olúmúyìwá ni ọkọ ọ̀hún ń jẹ́. Ọdún márùn-ún rèé tó ti lọ sí Kánádà. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní oṣù mẹ́fà péré, òun á ti ránṣẹ́ wá kó ìyá àti ọmọ. Oṣù mẹ́fà! Ẹ ò rí ẹnu ọkùnrin. Lọ́dún kìíní, ó ń pè lójoojúmọ́. Lọ́dún kejì, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, àwòrán yìnyín ló kù tó ń fi ránṣẹ́, á kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Òtútù ibí fẹ́ pa èèyàn," bí ẹni pé Ìbíyẹmí ló ran òtútù sí i. Ó wá dé báyìí, ó ní ìwé tí Tẹniọlá máa fi wọ Kánádà ti jáde. Tẹniọlá ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé Tẹniọlá nìkan ló jáde o, ti ìyá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ní òun àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Leah làwọn jọ ń gbé báyìí, pé Leah náà sì ti gbà láti tọ́jú ọmọ. Ó fi lẹ́tà kan sí i, pé kí Ìbíyẹmí tẹ̀ ẹ́ jáde kó fọwọ́ sí i, pé òun ìyá fara mọ́ ọn kí ọmọ máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. "Ro ti ọmọ. Má ro ti wa." Bó ṣe parí ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn.

Ìbíyẹmí tẹ lẹ́tà náà jáde. Láràárọ̀ kó tó jáde nílé wọn ní Ladi-Lak, á ṣí i, á mú bírò, á wo ìlà tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Á dúró kí nǹkan kan dùn ún, ìbáà ṣe díẹ̀. Kò ní dùn ún. Á tún lẹ́tà náà ká, á tì í bọ báàgì. Kò kọ̀, kò gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀ rí á mọ̀ pé ìyẹn burú ju ẹkún lọ.

Aǹtí Ìbídàpọ̀, ẹ̀gbọ́n Olúmúyìwá lóbìnrin, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Fádèyí, kò jẹ́ kó sinmi. Mi ò ní purọ́ mọ́ Aǹtí Ìbídàpọ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. Lọ́jọ́ tí ibà gbé Tẹniọlá ṣánlẹ̀, òun ló pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ nǹkan, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Ìyàwó," á wí lórí fóònù, "ẹlòmíì ń ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ nítorí irú àǹfààní yìí. Tìrẹ wá bá ọ nílé, o wá ń wò ó sùn-ùn. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí bú ọ lọ́la ni?"

"Mo ti gbọ́, Aǹtí."

"O ti gbọ́, o ti gbọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni agbẹjọ́rò ọkọ ẹ fẹ́ fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Tó bá ti kọjá ọjọ́ yẹn, ó parí. Mò ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ ẹ ní Sátidé, níbi iṣẹ́ ẹ."

"Kò burú, Aǹtí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di Ọjọ́bọ̀, tí Bàbá Akínlẹ́yẹ dé sí ilé ìtẹ̀wé tó sì figbe ta.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Akínlẹ́yẹ, ará Abẹ́òkúta tó ti di ará Bàrígà pátápátá. Ó kọ ìwé kan fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lédè Yorùbá, nípa àwọn dáínósọ̀, àwọn ẹranko ràgàjì ayé àtijọ́ tó ti run kí ọmọ èèyàn tó dé ayé rárá. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ ọ́. Alhaji Rájí ló gba iṣẹ́ ẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ìwé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gán an pọ̀, ó ku kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí ẹ̀ kó dọ́gba. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fojú kàn án. Ó ń ṣí i lọ títí dé ojú ìwé kẹrìnlá, ló bá fò sókè.

"Ta ló ní gbogbo wọn lọ? Mo ní, ta ló ní gbogbo wọn lọ?"

Alhaji sáré jáde láti ìdí ẹ̀rọ, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún yíǹkì. "Bàbá, kí ló lọ?"

"Dáínósọ̀!"

Alhaji wo ojú títì. Ó tún wo Bàbá. "Bàbá, ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi."

"Mi ò mu omi! Ẹ ka ibí yìí. 'Nígbà tí òtútù bá dé sí òkè àríwá ayé, gbogbo dáínósọ̀ tó ń jẹ ewé a máa ṣí lọ sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.' Lóòótọ́, ohun tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, nítorí ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé tuntun. Mo mú àtúnṣe wá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sórí tákàdá, ọwọ́ ara mi ni mo fi fi í lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́."

Gbogbo ojú bá yí sí Ìbíyẹmí. Ó fa báàgì ẹ̀ sọ́dọ̀, ó mú lẹ́tà ọkọ ẹ̀ jáde, ó tú u. Tákàdá Bàbá Akínlẹ́yẹ wà nínú ẹ̀, wọ́n ká méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé. Ó ti ka gbogbo ìwé náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó ti kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé "Ó dára, ẹ tẹ̀ ẹ́," kò sì rántí àtúnṣe náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àràárọ̀ ló ń rí tákàdá ọ̀hún tó bá ṣí lẹ́tà. Ìbíyẹmí tí àmì kan ò lè fò mọ́ lójú!

"Èmi ni," ó wí. "Mo gbàgbé."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ aago tó lù. Alhaji ti gbé ìbínú ẹ̀ ka orí, ó ń retí kó kúnlẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀, kó da omi lójú, kí òun náà wá pariwo dáadáa. Nígbà tí kò rí ìkankan, kò mọ ibi tó máa gbé ìbínú náà sí.

"Ìyá Tẹni, kí ló ń ṣe ọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Kò sí nǹkan kan, Alhaji."

Ní Ṣómólú, tí àṣìṣe bá ti wọ ìwé tán, wọn kì í da ìwé nù. Ta ni yóò dà á nù? Wọ́n á tẹ ìlà tó tọ́ sórí pélébé ìwé, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èyí tó bàjẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí á fi tán. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹni tó ń kà á ò ní fura. Alhaji ní Bàbá ń fẹ́ ìwé náà ní Mọ́ńdè, nítorí náà Sátidé ni kí Ìbíyẹmí wá lẹ gbogbo ẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan, kí Raphael tó ń gé ìwé lè gé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Kò burú, Alhaji."

Sátidé, ó mú Tẹniọlá dání, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ò sí, ẹni tó ń bá a wo ọmọ sì ti lọ sílé ìjọsìn. Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá Akínlẹ́yẹ ti jókòó dè wọ́n lórí àga, ó ti ká apá agbádá sókè. Ó ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ọ̀rọ̀ dáínósọ̀. Ni àwọn mẹ́ta bá pín iṣẹ́. Bàbá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun gọ́ọ̀mù, Tẹniọlá ń gbé pélébé ìwé lé e, Ìbíyẹmí ń fi àkísà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á pa ìwé dé, á tò ó jọ, á gbé bíríkì lé e lórí kó lè gbẹ.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí pélébé náà nìyí: "A rò tẹ́lẹ̀ pé gbogbo wọn ló ń ṣí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí eyín àwọn ọmọ wọn wẹ́wẹ́ nínú ilẹ̀ òtútù náà. Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè rin ìrìn yẹn. Ó jọ pé àwọn kan dúró."

Tẹniọlá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ní eyín kan tó ń mì láti ọjọ́ bíi mélòó kan, ahọ́n ẹ̀ ò sì fi eyín náà lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tó lẹ bíi àádọ́ta, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ṣé òtútù ibẹ̀ tó ti Kánádà?"

"Òtútù ayé ìgbà yẹn ò mú tó ti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n yìnyín ń bọ́, ọmọ mi. Oòrùn náà, ó tó oṣù mẹ́rin tí kì í yọ rárá."

"Kí ni wọ́n wá ń jẹ?"

"Ohun tó bá kù. Èèpo igi. Ẹ̀ka gbígbẹ. Ewé tó ti ń rà nílẹ̀. Wọ́n á rù, wọ́n á kan egungun, bí àwa ṣe rò ó nìyẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò lọ? Ẹ ò sí níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ọdún mélòó ló ti ń retí kí ọmọdé kan bi òun léèrè yẹn? "Eyín ló sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ lọ sí Alásíkà lọ́hùn-ún, wọ́n bu erùpẹ̀ etí odò, wọ́n fomi ṣàn án, wọ́n wá ń ṣà á wóró wóró lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Wọ́n rí eyín tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Eyín ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹyin wọn sì ń tó oṣù márùn-ún, mẹ́fà kó tó pa. Kí ọmọ tó jáde, kó tó lè rìn dáadáa, òtútù ti wọlé. Ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ fi tọ ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀?"

"Nítorí náà, ìyá ẹ̀ dúró."

"Ó jọ pé ó dúró."

"Bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Akínlẹ́yẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ gọ́ọ̀mù, ó rò ó pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Egungun ò sọ ìyẹn," ó wí.

Ìbíyẹmí gbọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn gún un, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró dè é. Kò rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó mú ìwé mìíràn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ṣé gbogbo àwọn tó ń jẹ ewé ló dúró?" Tẹniọlá tún bèèrè.

"Rárá o. Níbòmíì, àwọn ọlọ́rùn gígùn kan wà, ipa omi tí wọ́n mu ṣì wà lára eyín wọn dòní. Ó fi hàn pé nígbà ọ̀dá, wọ́n ń fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ gun orí òkè lọ, tó bá yá, wọ́n á padà. Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo. Àwọn kan lọ, àwọn kan dúró. Ìwé tó bá ní gbogbo wọn lọ ti purọ́ fún ọmọdé."

"Àwọn tó lọ yẹn, wọ́n ń padà?"

"Wọ́n ń padà."

Tẹniọlá gbé pélébé ìwé mìíràn. Ẹ wo ayé yìí ná. Ẹranko ń wá bó ṣe máa sá fún òtútù. Ọkọ Ìbíyẹmí, inú òtútù gan-an ló sá lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà. Tẹniọlá bu búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó figbe ta, ó tutọ́ sọ́wọ́. Eyín ti bọ́. Inú Bàbá dùn.

"Ó yá, lọ ṣa òkúta mẹ́sàn-án, iye ọdún rẹ. Kà á mọ́ eyín yẹn, kó o jù wọ́n sórí òrùlé. Kí alángbá má rí ọ o! Tí alángbá bá rí i, òmíràn ò ní hù."

Ọmọ náà jáde. Wọ́n gbọ́ tí òkúta ń rọ́ lórí páànù, kó, kó, kó. Ó wọlé padà.

"Ṣé o ti jù ú?" Ìbíyẹmí bi í.

"Ẹ̀n, Mọ́mì."

Kò pẹ́ sí i ni fóònù Ìbíyẹmí dún. Aǹtí Ìbídàpọ̀ ni. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ nínú ilé, nítorí náà Ìbíyẹmí bọ́ síta lọ gbà á. Aǹtí ní òun ti ń palẹ̀ mọ́ ní Fádèyí, òun á dé bí aago márùn-ún bá lù, kí ó ti fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn kí òun tó dé, òun á kàn gbà á, òun á sì máa lọ. Ìbíyẹmí ní kò burú. Lẹ́yìn tó gé e, ó dúró síbẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti tákàdá lọ tí wọ́n ń ti tákàdá bọ̀. Ó rò ó pé òun á fọwọ́ sí i. Kò sí ìdí kan tí òun ò fi ní fọwọ́ sí i. Ẹni tí nǹkan kan ò dùn, kí ló fẹ́ sọ pé ó mú òun kọ̀? Nígbà tó wọlé, Bàbá ti ń tòògbé, Tẹniọlá nìkan ló ń dá iṣẹ́ ṣe, ó ń kun gọ́ọ̀mù, ó ń lẹ̀, ó ń tẹ̀.

Wọ́n parí ẹ̀ nígbà tí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ìbíyẹmí mú lẹ́tà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú bírò. Ó ti ṣí ìdérí bírò náà tán nígbà tí Raphael pè é láti ìdí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé.

"Ìyá Tẹni, ẹ wá wo nǹkan o! Òkúta wà nínú ìwé yín!"

Ìbíyẹmí fi bírò sórí lẹ́tà, ó lọ bá a. Raphael ti gbé ìwé bíi àádọ́ta kalẹ̀ sábẹ́ abẹ ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wú sókè. "Ẹ rí i? Kò jókòó. Tí mo bá gé e báyìí, tí abẹ bá kán, Alhaji á pa mí, á tún jí mi kó tún mi pa."

Wọ́n ń gbé ìwé náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan èyí tó wú. Ìbíyẹmí ṣí i. Ojú ìwé kẹrìnlá ni. Pélébé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn wú láàrin bí oówo. Ó fi èékánná tú etí ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ tán, nítorí náà ó ṣí wẹ́rẹ́.

Eyín ló wà níbẹ̀. Eyín kékeré, funfun, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì wà nídìí ẹ̀.

Ó wẹ̀yìn. Tẹniọlá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀.

"Tẹniọlá. Ṣebí o ní o ti jù ú sórí òrùlé?"

"Òkúta ni mo jù."

"Kí ló dé?"

Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Bàbá ní tí kì í bá ṣe ti eyín ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n gbé ibẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbé ibí."

"Ta ló ní o ò gbé ibí?"

"Tí mo bá ti lọ, ńkọ́?"

Raphael pa ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ní kó pa á.

"Mo rí lẹ́tà nínú báàgì yín," ni Tẹniọlá wí. "Ọjọ́ tí mo ń wá bírò. Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi." Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. "Mo ń wò yín lójoojúmọ́ bóyá ẹ máa sunkún. Ẹ ò sunkún. Mo wá mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n lọ ni."

Háà! Ẹ gbà mí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko, obìnrin yìí ń rò pé òun nìkan ló mọ̀ pé nǹkan kan ò dùn òun. Ó rò pé ọ̀rọ̀ inú òun, inú òun ló mọ. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jókòó tì í nídìí oúnjẹ, tó ń wojú ẹ̀, tó sì ti ka dídákẹ́ náà sí "Máa lọ."

Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́? Nígbà tó bá kú, kì í roni. Ìgbà tó bá ń jí ló máa ń ro èèyàn bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Ìbíyẹmí nìyẹn, láti ikùn, ó ń gun àyà bọ̀. Ọdún márùn-ún dùn ún. Leah dùn ún. Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi tàn án jẹ dùn ún. Èyí tó wá dùn ún ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ọmọ tó dúró níwájú ẹ̀, tó ń fi eyín ara ẹ̀ pamọ́ sínú ìwé ẹranko tó ti kú, nítorí kò rí ẹni sọ fún un pé wọ́n fẹ́ràn òun. Ìbíyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin tákàdá tí wọ́n gé dànù, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọmọlúàbí o. Bàbá Akínlẹ́yẹ ta jí. Alhaji sáré jáde, ó rí i, ó padà wọlé jẹ́jẹ́. Tẹniọlá kọ́kọ́ dúró, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó wá bọ́ sí i lára, òun náà bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kí o lọ," ni Ìbíyẹmí ń wí. "Ṣé o gbọ́? Mi ò fẹ́ kí o lọ. Mi ò fẹ́. Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ lọ?"

Ọmọ náà mi orí rárá mọ́ ọn láyà.

Bẹ́ẹ̀ ni Aǹtí Ìbídàpọ̀ ṣe bá wọn. Ó gbé báàgì sápá, ó ń làágùn. "Èèyàn kú ni? Ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Aǹtí. Ẹ káàárọ̀." Ìrọ̀lẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ta ló ráyè àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́? Ìbíyẹmí dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó mú lẹ́tà lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Aǹtí tú u, ó wá ìfọwọ́sí títí. "O ò fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Orí ẹ dà rú ni? Ṣé o mọ ohun tó o ń gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí? Ọmọ yìí á dàgbà, á bú ọ!"

"Ó lè bú mi, Aǹtí. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà tí yóò ti bú mi."

Aǹtí Ìbídàpọ̀ wo Bàbá Akínlẹ́yẹ, bóyá àgbàlagbà á bá òun dá sí i. Bàbá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ pélébé ìwé padà sójú ìwé kẹrìnlá, kò gbójú sókè. Aǹtí tún wo ọmọ náà, bó ṣe di aṣọ ìyá ẹ̀ mú, ẹnu ẹ̀ wá rọ̀ díẹ̀.

"Kí wá ni kí n sọ fún àbúrò mi?"

"Ẹ sọ fún un pé tó bá fẹ́ rí ọmọ ẹ̀, kó máa bọ̀. Ó mọ ọ̀nà tó gbà lọ."

Aǹtí ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ báàgì. Kò dágbére, ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá lọ, ó fi ọwọ́ kan orí Tẹniọlá. Raphael tan ẹ̀rọ ẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé ìwé.

Nígbà tó yá, Tẹniọlá fa ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Eyín náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ Ìbíyẹmí, ó ti di í mú gírígírí débi pé ó ti sàmì sí i lára.

"Mọ́mì, ṣé kí n wá lọ jù ú báyìí?"

Wọ́n jọ jáde. Wọ́n ṣa òkúta mẹ́sàn-án mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, Tẹniọlá kà á lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í kà. Ó ti na ọwọ́ sẹ́yìn kó jù ú nígbà tó dúró.

"Mọ́mì, alángbá."

Alángbá kan wà lórí ògiri lóòótọ́, akọ, ọlọ́rí pupa, ó ń mi orí, ó ń wò wọ́n. Ìbíyẹmí, tí omi ṣì ń dà lójú ẹ̀, bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, ó sọ ọ́ lù ú, ó bọ́ èkejì, ó tún sọ ọ́ lù ú, ó ń sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà títí tí alángbá náà fi fò mọ́ ògiri kejì lọ.

"Ó ti lọ," ó wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ó yá, jù ú."